Wọ́n ti kà á, ẹnikẹ́ni ò fèsì

Bí ẹ bá ń gbọ́ mi nínú ọkọ̀, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró de àkọsílẹ̀ ètò yìí kí ẹ lè kà á nítorí dátà, ẹ̀yin náà ẹ kú ìdúró. Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí bí a ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó lé mi débi ìtàn náà.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kadà kan gbá bàbá mi lẹ́bàá títì nílùú Iléṣà. Eegun itan rẹ̀ kán. Ilé ìwòsàn ní kí a san owó sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kí a sì wá ẹni méjì tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Èmi wà l'Ékòó, owó ọwọ́ mi ò tó ìdajì. Agbo-ilé wa ní gúrúùpù lórí WhatsApp, a ju ọgọ́rùn-ún lọ níbẹ̀. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo kọ ọ̀rọ̀. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ. Mo fi "ẹ jọ̀ọ́" sí i, mo yọ ọ́ torí ó dà bí alágbe, mo dá a padà torí láìsí i ó dà bí àṣẹ. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó fi ránṣẹ́. Bí mo ṣe fi ránṣẹ́ tán, mo da ojú fóònù bolẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ bù mí jẹ.

Nígbà tí mo máa gbé e, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí n wo àwọn tó ti kà á. Wọ́n jẹ́ 69. Ẹnikẹ́ni ò fèsì. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n ti di 93. Kẹ́kẹ́ pa. Kódà, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan gbé àwòrán òdòdó pẹ̀lú "ẹ káàárọ̀ o" sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mi gan-an.

Mo máa padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi bàbá mi sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ná, torí ìbéèrè tó gbà mí lọ́kàn lóru ọjọ́ yẹn ló bí ètò òní: láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá gbé ọ̀rọ̀ síwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ta ló ní láti dá a lóhùn?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo. Ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú náà ní àwọn ènìyàn kan kúrò ní Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà tí omi wọ́n wọn. Lárooyè àti Tìmẹ́hìn ló ṣáájú wọn. Wọ́n dé etí odò kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó, wọ́n gé igi kan, igi náà sì wó sínú odò. Bó ṣe wó ni ohùn kan ké jáde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá, torí ohùn náà pe àwọn àlejò ọ̀hún ní oṣó igbó.

Ẹ má bínú bí mo bá ń fi ojú fóònù wo nǹkan, ṣùgbọ́n kọ́mẹ́ǹtì lèyí. Ẹni tó sọ ọ́ ò fara hàn, ó ń bínú, ó sì ní ẹ̀sùn tó dájú. Ohun tó mú mi dúró nínú ìtàn náà ni ohun tí àwọn tó gbọ́ ọ ṣe. Wọn ò ní kí wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n kàn máa gé igi wọn lọ. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n kúrò létí odò, wọ́n bá a dá májẹ̀mú. Nígbà tí Lárooyè wá bọ odò, ẹja jáde sí i, ó tẹ́ ọwọ́ gba ẹja. Orúkọ oyè ọba Òṣogbo nìyẹn títí dòní: Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ọdọọdún, nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, wọ́n ṣì ń padà lọ sínú igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO fi sára àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Ìlú odindi ló wà lórí ẹ̀sùn kan àti èsì rẹ̀.

Ẹ sọ pé ìtàn àwọn òrìṣà nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé.

Gúrúùpù àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó kì í ṣe nǹkan tuntun. Láàárín 1877 sí 1893 tí ogun Kírìjì ń jà, tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì dojú kọ Ìbàdàn, tí Ògèdèǹgbé Iléṣà wà ní ibùdó ogun, àwọn ọmọ ilẹ̀ yẹn wà l'Ékòó tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n padà dé láti Sàró tàbí Bùràsíìlì. Joseph Pythagoras Haastrup wà nínú wọn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Philip José Meffre náà, tó ti ṣe ẹrú ní Bùràsíìlì kó tó padà wálé. Wọ́n ń dá owó, wọ́n ń ran ìlú lọ́wọ́ láti ní ìbọn ìgbàlódé, wọ́n sì ń gbé ọ̀rọ̀ ilé tọ ìjọba Èkó lọ.

Ní oṣù Ọ̀kitóbà 1881, Aláàfin Adéyẹmí náà kọ lẹ́tà sí ìjọba Èkó pé kí wọ́n bá òun pa iná ogun yìí. Samuel Johnson, ẹni tó padà kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, ló gbé lẹ́tà náà lọ. Wọ́n gbà á l'Ékòó. Wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ò fẹ́ kí Èkó ti ọwọ́ bọ ogun ilẹ̀ òkè nígbà yẹn. Ọjọ́ 23 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní pápá ogun, lẹ́yìn tí Johnson àti Charles Phillips ti gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láàárín ibùdó méjèèjì. Ẹ ka ọdún yẹn lórí ìka. Ọdún márùn-ún, àwọn ọmọkùnrin Ìjẹ̀ṣà àti ti Ìbàdàn ń kú lójoojúmọ́, lẹ́tà tí wọ́n ti kà sì wà lórí tábìlì.

Nígbà tí mo ń ka ibẹ̀, n ò kàn lè máa wo àmì búlúù méjì orí WhatsApp bí nǹkan kékeré mọ́. Oṣù Nòfẹ́ńbà 2014 ni wọ́n gbé àmì yẹn dé. Kó tó dé, o lè tan ara rẹ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni ò dáa.

Kò sì sí ibi tí wọ́n ti mọ ìdúró-de-èsì tó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló! Wọ́n fi ń bú wa tẹ́lẹ̀, àwa náà sì ti sọ ọ́ di oyè. Láyé òyìnbó amúnisìn, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà máa ń ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń tà á ní àwìn, kí àgbẹ̀ máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè bá ní "ẹ padà wá lọ́la," oníṣòwò náà á ní òun ò lọ síbìkankan, òṣó lòun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Á ló ṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò fa aṣọ ẹnikẹ́ni ya. Ìyàwó ilé ní láti yà fún un kó tó jáde lọ pọnmi. Àwọn ọmọ ń kọjá, wọ́n ń wò ó. Àwọn ará àdúgbò ń bi í pé kí ló dé, ó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìtìjú á wá mú onílé, owó á jáde láti abẹ́ ẹní.

Èmi náà lóṣòó lóru ọjọ́ yẹn. Gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń gbé fóònù. Ṣùgbọ́n òṣómàáló ní ohun kan tí èmi ò ní: onígbèsè rẹ̀ ń rí i. Ó ní láti rìn yí i ká. Èmi lóṣòó nínú yàrá l'Ékòó, kò sí ẹnì kan nínú àwọn 93 yẹn tó ní láti yà fún mi.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa orúkọ. Ìdí ni pé ìbẹ̀rù tó ń mú wa pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ká tó fi ránṣẹ́, ti orúkọ ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ mọ èyí tó kù. Bó bá fọ́, orúkọ bàbá ẹni ni yóò wà lára èèpo.

Àwọn bàbá wa ti wá ọgbọ́n sí i kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, ìwé ìròyìn Yorùbá hù bí olú. Èkó Àkéte jáde ní 1922, Elétí Ọfẹ ní 1923, The Yoruba News ti Dénrelé Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, Akéde Èkó ti Isaac Babalọlá Thomas ní 1928. Ojú irin sì ti dé Òṣogbo láti 1907, nítorí náà ohun tí wọ́n tẹ̀ l'Ékòó lè bá rélùwéè gòkè wá sọ́dọ̀ wa. Àwọn òǹkàwé máa ń kọ lẹ́tà sínú àwọn ìwé ìròyìn yìí, àwọn kan á sì fi orúkọ tí wọ́n hùmọ̀ buwọ́ lù ú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwòrán ológbò àti orúkọ àrà ṣe ara yín lórí ayélujára, ẹ ò dá a sílẹ̀.

Èyí tó gbayì jù lọ bẹ̀rẹ̀ nínú Akéde Èkó ní oṣù Júláì 1929. Lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní òun ti dàgbà, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ sọ bí òun ṣe fi ẹwà òun ṣeré láàárín àwọn ọkùnrin Èkó kí òun tó kú. Lẹ́tà lé lẹ́tà títí di oṣù Máàṣì 1930. Ó ń dárúkọ àdúgbò tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ó ń sunkún lójú ìwé. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé padà. Àwọn kan káàánú rẹ̀, àwọn kan gbà á gbọ́ pátápátá pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni.

Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́. Ní 1930 ó kó lẹ́tà náà jọ di ìwé, àwọn onímọ̀ sì ti ń pè é ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Karin Barber, òyìnbó tó gbé Òkukù, ìtòsí Òṣogbo níhìn-ín, tó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, tún un tẹ̀ jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ayédèrú àkáǹtì ni. Òótọ́ ni. Ó sì dùn mí díẹ̀ pé ọkùnrin ló yá ẹnu obìnrin láti fi kìlọ̀ fún obìnrin, tí kò sí lẹ́tà kankan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún ọkọ tí orí ìwé náà ní obìnrin yìí ní. Ó yẹ kí wọ́n ti rí nǹkan sọ! Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó mú kí àwọn ènìyàn máa bá obìnrin tí kò sí sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ilé kan wà tí lẹ́tà ń dé. Ẹnì kan wà nínú ilé náà, olóòtú, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ṣí lẹ́tà, kó kà á, kó sì ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀. O lè fi orúkọ èké kọ̀wé, èsì tó máa jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kì í ṣe èké.

Rédíò náà ní tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lágbègbè wa, ẹ rántí ètò ìkíni, tí ẹnì kan á pè pé òun ń kí ìyá òun ní Iléṣà, òun ń kí ọ̀gá òun ní Òkè-Fíà l'Óṣogbo. Ìyá lè má tan rédíò lọ́jọ́ yẹn o. Ṣùgbọ́n atọ́kùn ètò á ní "wọ́n gbọ́ o, Màmá gbọ́." Atọ́kùn ló ń dáhùn fún gbogbo ayé, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó wá di oṣù Máàṣì 2005, Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì kọ́ ìwà orí ayélujára níbẹ̀ nínú kàfé, ní owó wákàtí kan. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń kà, tí a ń kà, tí a ò forúkọ sílẹ̀? Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 2006, Jakob Nielsen, onímọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Denmark, kọ ọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá wà ní irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, àádọ́rùn-ún ń kà lásán, mẹ́sàn-án ń dá sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù. Bí mo ṣe rí ìṣirò yẹn, mo ní áà, wọ́n ti ṣàlàyé àwọn 93 mi. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Òǹwòran ni wọ́n.

Irọ́ ni mo pa mọ́ wọn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn kan wọlé sórí gúrúùpù. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàdínlógún péré. Àbúrò bàbá mi obìnrin ni, ó ń ta èlùbọ́ l'Óṣogbo. Ó pe oríkì mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò ní kú. Ó ní ilé ìwòsàn wo ni, òun ti ń wọ bàtà. Ìyẹn nìkan.

Ẹ ò lè gbà á gbọ́. Kí wákàtí kan tó kọjá, èsì ti lé ní ogójì. Àdúrà, àmín, nọ́ńbà àkáǹtì dà, irú ẹ̀jẹ̀ wo ni. Àwọn ọmọ ìyá mi méjì nínú agbo-ilé ti wà ní ilé ìwòsàn kó tó di aago kan ọ̀sán. Owó pé kó tó di alẹ́, ó tiẹ̀ lé. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Nígbà tí mo délé, mo mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi sí kọ̀rọ̀, mo bi í pé ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kà á láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Ó wò mí bí ẹni tí ò gbọ́n. Ó ní, "Ṣé kí n ṣáájú Bàbá ni?"

Bàbá ni àgbà agbo-ilé wa, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nómbà rẹ̀ wà lórí gúrúùpù. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nípàdé agbo-ilé rí, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn, ọmọdé lè kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, kí àgbà wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níkẹyìn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹnì kan wọlé pẹ̀lú ìròyìn àjálù, àgbà ló máa kọ́kọ́ ní "a ti gbọ́." Kó tó sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹnu wà ní pípadé. Àwọn 93 yẹn ò fojú di mí. Wọ́n jókòó sórí ẹní wọn, wọ́n ń retí Bàbá.

Fóònù Bàbá ńkọ́? Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ti mú un lọ sí iléèwé gíga torí tirẹ̀ bàjẹ́. Lórí ibùsùn ọmọléèwé ni fóònù náà wà, òun náà wà lára àwọn tó ka ọ̀rọ̀ mi, ó sì kọjá lọ. Nínú ìpàdé tòótọ́, a ò bá ti rí i pé àga Bàbá ṣófo. Ẹnì kan á ní kí wọ́n lọ pè é, tàbí kí ẹni tó tẹ̀ lé e dáhùn. Lórí gúrúùpù, kò sí àga tó ń ṣófo.

Mo wá lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí mi tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ gbójú. Mo rò pé á ní torí pé ọmọ-osú lòun, pé kò sẹ́ni tó lè dá òun dúró nílé bàbá òun. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi tí mi ò mọ̀wé? Ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló ka tìrẹ fún mi. Ta ló sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀?"

Bàbá mi ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ó sì ń bú gbogbo ọlọ́kadà tó bá kọjá. Fóònù Bàbá àgbà ti padà wálé. Lálaalẹ́ lẹ́yìn ìròyìn, ọmọ ọmọ rẹ̀ mìíràn tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì máa ń jókòó tì í, á ka gbogbo ohun tó wà lórí gúrúùpù fún un, àwòrán òdòdó náà kò gbẹ́yìn, á wá tẹ ohun tí Bàbá bá ní kó tẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé òbúkọ òun sọnù. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, èsì ti dé: "Bàbá ti gbọ́. Wọ́n ní irú àwọ̀ wo ni."